Bí A Ṣe Ń Yan Èédú Tó Yẹ fún Iná Àgbẹ̀dẹ

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ a máa ro òòlù, a máa ro owú, a sì máa wá ẹ̀mú tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Èédú ló máa ń rà gbẹ̀yìn, torí lójú rẹ̀, dúdú ni gbogbo wọn, ọ̀kan náà sì ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀, irin kì í dé abẹ́ òòlù kó tó la inú iná kọjá, ohun tó bá sì bá pàdé nínú iná yẹn ló máa gbé jáde.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń gbìyànjú láti jó irin méjì pọ̀ nínú ààrò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni irin fi kọ̀ fún mi. Mo yí bí mo ṣe ń lù ú padà, mo pààrọ̀ borax, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí a ń bù sójú irin kó lè mọ́ kó tó lẹ̀ mọ́ra, mo pààrọ̀ irin fúnra rẹ̀. Àṣé inú àpò èédú ni ọ̀rọ̀ wà. Èédú ọ̀hún ń dán, ó sì ń gbóná dáadáa, ṣùgbọ́n imí ọjọ́ ló kún inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo da èédú mìíràn sínú ààrò kan náà, ẹ̀ẹ̀kejì tí mo gbìyànjú ni irin méjèèjì di ọ̀kan. Láti ìgbà náà, n kì í ra èédú púpọ̀ láìjẹ́ pé mo ti dán díẹ̀ wò nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí mo ń gbà dán an wò ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí.

Ẹ kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn: yàtọ̀ sí èyí tó burú jáì, gbogbo èédú ló lè mú irin pọ́n dé ibi tí a ti lè rọ ọ́, ìyẹn nǹkan bí 1,000°C sí 1,200°C. Ooru nìkan kọ́ la ń rà. À ń ra ìwà tí èédú ń hù nínú iná, a sì ń ra ohun tó máa ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ ààrò lẹ́yìn tó bá jó tán.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo ààrò yín kí ẹ tó wo èédú

Ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú iná yín? Ààrò kan ń gbà á láti ìsàlẹ̀, òmíràn ń gbà á láti ẹ̀gbẹ́. Ṣé fáànù ló ń fẹ́ iná ni, àbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń fi ọwọ́ fa ẹwìrì? Ìbéèrè yìí lágbára ju bó ṣe jọ lọ, torí pé èédú kan wà tó jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá ti dáwọ́ dúró, kò ní pẹ́ kú. Bí ẹ bá máa ń fi ẹwìrì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ lè wọn irin tàbí kí ẹ gé e, irú èédú bẹ́ẹ̀ á máa dá yín padà sídìí iná dídá látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹ tún wo ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ààrò tó wà nínú ilé nílò ọ̀nà èéfín tó gbòòrò, tí ẹnu rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, tó sì ga kọjá òrùlé. Bí ilé àwọn aládùúgbò bá sún mọ́ yín, èédú tó ń rú èéfín nípọn máa dá ìjà sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó dé ìdajì.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Fún ọ̀bẹ àti irin tín-ín-rín, iná tó mọ́ tó sì rọra ló dára, èédú igi sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Fún irin tó nípọn àti irin tí a fẹ́ jó pọ̀, èédú inú ilẹ̀ tó ń di kóòkì, ìyẹn ohun tó ń ṣẹ́kù lára èédú lẹ́yìn tí gáàsì inú rẹ̀ bá ti jáde tán, ló dára jù. Ẹni tó ń rọ ohun kan náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí fáànù rẹ̀ kì í dákẹ́, lè ra kóòkì tààrà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ẹbí tí èédú ti wá

Èédú igi ni àwọn alágbẹ̀dẹ fi ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí èédú inú ilẹ̀ tó gbòde. Ó mọ́ gan-an: imí ọjọ́ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, eérú rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn tó ń rọ idà ní Japan ṣì ń fi èédú igi páìnì ṣiṣẹ́ títí dòní. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fúyẹ́, ó sì ń tètè jó. Àpò rẹ̀ bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ẹ máa kó jọ kó tó wúwo tó àpò èédú inú ilẹ̀ kan. Ó tún máa ń ta pàrà-pàrà bí afẹ́fẹ́ bá ti le jù, nítorí náà ẹ máa fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí iná náà jinlẹ̀. Ẹ má ra èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n sì fi nǹkan lẹ̀ pọ̀ di ìṣù. Ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ yẹn, eérú ló máa dà nínú ààrò yín.

Lignite ni èédú inú ilẹ̀ tí kò tíì gbó. Àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ ti ilẹ̀, omi inú rẹ̀ sì lè ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ lọ. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi se omi gbígbóná. Kì í ṣe èédú àgbẹ̀dẹ.

Bituminous ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Òun ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ń pè ní èédú àgbẹ̀dẹ, ìdí rẹ̀ sì ni ohun àrà kan tó ń ṣe. Bí iná bá ń gbóná bọ̀ lára rẹ̀, gáàsì àti ọ̀dà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, òun fúnra rẹ̀ á sì rọ̀. Láàárín nǹkan bí 350°C sí 500°C, á wú, àwọn ègé rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, á sì tún le padà, àmọ́ kì í ṣe èédú mọ́. Ó ti di kóòkì: ohun eléérú-àwọ̀ tó fúyẹ́, tó ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànrìnkàn, tó ń jó láìrú èéfín, tí ooru rẹ̀ sì kọjá sísọ. Alágbẹ̀dẹ tó ní bituminous tó dára ń ṣe kóòkì tirẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Àárín iná ni kóòkì ń jó, etí iná ni èédú tútù wà tó ń múra sílẹ̀, bí ti àárín bá ti ń lọ sílẹ̀ ni a ó máa ti ti etí wọlé. Àwọn ègé tó lẹ̀ mọ́ra yẹn tún máa ń kọ́ òrùlé kékeré bo irin, kí ooru má baà sá lọ. Èmi ò mọ ohun ìdáná mìíràn tó ń ran alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́ báyìí.

Ṣùgbọ́n bituminous kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Èyí tí gáàsì inú rẹ̀ pọ̀ jù, tó kọjá nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún, máa ń rú èéfín bí ilé tó ń jóná, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ń tà fún ilé iná mànàmáná. Èyí tí gáàsì rẹ̀ wà láàárín ìdá 18 sí 28 ni ká máa wá. Ní Amẹ́ríkà, èédú tí wọ́n ń wà láti inú ìpele Pocahontas No. 3, ní West Virginia àti Virginia, gbajúmọ̀ láàárín àwọn alágbẹ̀dẹ nítorí pé imí ọjọ́ àti eérú rẹ̀ kéré, ó sì ń di kóòkì dáadáa. Bí ẹnì kan bá pe èédú rẹ̀ ní orúkọ yẹn, inú wa á dùn, àmọ́ a ṣì máa dán an wò.

Anthracite ló gbó jù nínú wọn. Ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀ ló jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Ó le, ó ń dán bíi dígí, kì í fi bẹ́ẹ̀ dú ọwọ́, èéfín rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó gbóná. Ṣùgbọ́n ó ṣòro tan, kì í wú, kì í lẹ̀ mọ́ra, kò lè kọ́ òrùlé kankan, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti dáwọ́ dúró, ó ń kú lọ nìyẹn. Bí ooru bá sì yára bà á, àwọn ègé rẹ̀ máa ń sán, wọ́n á sì fò jáde, kí ẹ wọ awò tó ń dáàbò bo ojú. Ẹni tó ní fáànù, tí kò sì rí bituminous rà, lè fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Àwọn kan máa ń pò ó mọ́ bituminous kí ó lè rí nǹkan lẹ̀ mọ́, èyí náà sì ń ṣiṣẹ́.

Kóòkì tí wọ́n ti ṣe wá láti ilé iṣẹ́ náà wà. Ìtàn rẹ̀ kọ́ wa ní nǹkan kan nípa imí ọjọ́. Lọ́dún 1709, ní Coalbrookdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Abraham Darby bẹ̀rẹ̀ sí í fi kóòkì yọ irin jáde láti inú òkúta rẹ̀ dípò èédú igi. Èédú inú ilẹ̀ tútù kò ṣeé fi ṣe é, torí pé imí ọjọ́ inú rẹ̀ ń ba irin jẹ́. Sísun tí wọ́n kọ́kọ́ ń sun ún di kóòkì ń lé apá kan nínú imí ọjọ́ yẹn lọ. Eérú, ní tirẹ̀, kì í lọ síbì kankan. Bí ẹ bá sun 100 kílò èédú tí ìdá 7 rẹ̀ jẹ́ eérú, tí kóòkì tó jáde sì jẹ́ nǹkan bí 72 kílò, kílò 7 eérú yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì ti sún mọ́ ìdá 10. Nítorí náà, ẹ má fi òṣùwọ̀n eérú èédú dá kóòkì lẹ́jọ́. Kóòkì ilé iṣẹ́ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ láìdákẹ́ gẹ́gẹ́ bíi anthracite, ooru rẹ̀ sì lè jẹ ẹnu ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n kò fi irin tó nípọn ṣe.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò

Ẹni tó ń ta èédú fún alágbẹ̀dẹ yẹ kó lè fi ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ hàn. Nǹkan púpọ̀ ló máa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló kàn wá, mo sì fẹ́ kí ẹ kà wọ́n bí mo ṣe tò wọ́n yìí, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Imí ọjọ́ ni àkọ́kọ́. Kó má kọjá ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, bó bá sì jẹ́ 0.7 tàbí kó dín, ó dára sí i. Bí imí ọjọ́ bá wọ inú irin, á bá irin dàpọ̀ di ohun mìíràn, àpòpọ̀ yìí pẹ̀lú irin sì ń yọ́ ní 988°C. Ẹ rò ó wò: ẹ gbé irin síná títí ó fi tó 1,100°C, gbogbo ara rẹ̀ le bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n láàárín àwọn hóró tó para pọ̀ di irin náà, omi wẹ́wẹ́ ti wà níbẹ̀. Ẹ gbé òòlù lé e, ó sán. Alágbẹ̀dẹ á máa wo ọwọ́ rẹ̀, á máa wo irin. Lóòótọ́, manganese, mẹ́táàlì kan tí wọ́n fi sínú irin òde òní, ń gbà á sílẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tó ń gba ojú irin tí a fẹ́ jó pọ̀ sílẹ̀.

Eérú ló tẹ̀ lé e. Ìdá 7 tàbí 8 ni òpin, èyí tó bá wà ní 5 ni mo fẹ́ràn. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n wíwú, tí wọ́n ń kà dé 9: èyí tó bá tó 6 sókè á lẹ̀ mọ́ra dáadáa nínú iná, èyí tó bá wà ní 1 tàbí 2 á kàn jókòó bí òkúta. Ooru ló kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn olùtajà máa ń kọ gàdàgbà sára àpò.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ẹ béèrè bóyá èédú gbígbẹ ni wọ́n wọ̀n tàbí bó ṣe dé. Omi inú èédú máa ń mú kí òǹkà eérú àti imí ọjọ́ dà bíi pé ó kéré, nítorí náà ìwé méjì tí wọn kò wọ̀n lọ́nà kan náà kò ṣeé fi wéra.

Ìgbésẹ̀ 4: Ojú àti ọwọ́

Bí kò bá sí ìwé, ojú àti ọwọ́ ṣì wà. Ẹ mú ègé kan, ẹ fọ́ ọ, kí ẹ sì wo ojú ibi tó ti fọ́. Bituminous rere máa ń ní ìlà dídán àti ìlà tí kò dán tó tẹ̀ léra, ó ń fọ́ bí ìgò tàbí bí àpótí kéékèèké, ó sì ń dú ọwọ́. Bí ẹ bá rí ohun tó ń dán bíi wúrà láàárín rẹ̀, ẹ má yọ̀: irin àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ di òkúta yẹn. Ègé kan tàbí méjì nínú àpò kì í ṣe bàbàrà, ẹ ṣà wọ́n dànù. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ègé tí ẹ fọ́ ló ní in, ẹ dá àpò náà padà.

Ègé tó bá wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ eérú, tí kò sì dán, òkúta ni. Ọwọ́ máa ń tètè mọ̀ ọ́n ju ojú lọ. Èédú tó bá ń rún mọ́ni lọ́wọ́, tí ìpẹta tàbí funfun ti bo ara rẹ̀, ti pẹ́ nínú òjò àti oòrùn. Ó ṣì lè jó, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń wú ti dín kù.

Ìgbésẹ̀ 5: Bó ṣe tóbi sí

Fún bituminous, ègé tó tó milimítà 6 sí 20 ló rọrùn jù, ìyẹn láti orí ìka ọmọdé dé orí àtàǹpàkò àgbà. Lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ kì í ṣe òfò. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí iná, á sun di kóòkì odidi. Lẹ́búlẹ́bú anthracite àti ti kóòkì ló jẹ́ òfò, torí pé wọn kì í lẹ̀ mọ́ra, ńṣe ni wọ́n ń dí afẹ́fẹ́. Ẹ sẹ́ wọn kúrò. Èédú igi, kó tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 4.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìdánwò agolo

Ẹ ra díẹ̀, garawa kan tó. Ìdánwò yìí kò gbà ju wákàtí kan lọ, ìta gbangba ni kí ẹ sì ti ṣe é.

Ẹ wá agolo onírin kékeré tó ní ìdérí, kó má ṣe jẹ́ ti alumíníọ̀mù nítorí ìyẹn á yọ́. Ẹ fi ìṣó lu ihò kan sí ìdérí náà. Ihò yìí kò gbọ́dọ̀ dí rárá, torí gáàsì tí kò bá rí ọ̀nà jáde á bẹ́ agolo mọ́ yín lójú. Ẹ fọ́ èédú náà títí á fi dà bí iyanrìn, ẹ da á sínú agolo kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ kó lè ráyè wú, kí ẹ wá gbé e sórí ẹyin iná.

Èéfín ló máa kọ́kọ́ gba ihò náà jáde, yóò sì gbiná bí àtùpà. Bí iná orí ihò náà bá ti kú fúnra rẹ̀, gáàsì ti tán. Ẹ gbé agolo sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí i, torí bí afẹ́fẹ́ bá bá kóòkì tó ṣì gbóná, á tún gbiná.

Ẹ wá wo inú rẹ̀. Bó bá ti di ìṣù kan ṣoṣo tó wú, tó le, tó sì fúyẹ́, èédú àgbẹ̀dẹ lẹ ní lọ́wọ́. Bó bá lẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń fọ́ bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ṣeé lò, kò kàn ní kọ́ òrùlé fún yín. Bó bá ṣì jẹ́ iyanrìn bó ṣe wọlé, kò lè di kóòkì láéláé, ohunkóhun tí wọn ì báà kọ sára àpò rẹ̀. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n kékeré tún lè wọn èédú náà kó tó wọ agolo àti lẹ́yìn tó jáde. Bí gíráàmù 100 bá di 75, ìdá 25 ló ti bá gáàsì àti omi lọ, ìyẹn sì wà láàárín ibi tí à ń wá.

Ìgbésẹ̀ 7: Nínú ààrò fúnra rẹ̀

Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú ààrò kúrò, kí ìdọ̀tí àná má baà dá èédú òní lẹ́bi. Ẹ wọn kílò 5. Ẹ fi igi wẹ́wẹ́ dáná, kí ẹ tò èédú yí i ká, kí ẹ wọ́n omi sí ti etí kí iná má baà ràn kọjá ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì rọra máa fẹ́ ẹ.

Ìṣẹ́jú 10 sí 15 àkọ́kọ́ ni èéfín máa pọ̀ jù. Ẹ wò ó, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Èéfín tó dà bí àwọ̀ ìyeyè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, gáàsì ló ń jáde. Òórùn tó ń ta ni nímú bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ìṣáná, tàbí òórùn ẹyin tó bàjẹ́, imí ọjọ́ nìyẹn. Bó bá kọjá lẹ́yìn tí kóòkì ti jókòó sáàárín, kò burú. Bó bá ń bá a lọ títí, ó burú.

Nígbà tí iná bá ti dúró, ẹ dá afẹ́fẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bituminous rere á máa rọ́jú, bí ẹ bá tún fẹ́ ẹ, á jí. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbí tí a kì í sábà kọ́ ọmọ iṣẹ́ títí yóò fi ṣẹlẹ̀ sí i: bí afẹ́fẹ́ bá ti dúró pátápátá, gáàsì èédú tútù lè padà sínú páìpù tàbí ẹwìrì, fífẹ́ àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e sì lè mú kó bú gbàù. Ẹ ṣí ìsàlẹ̀ ààrò sílẹ̀ tàbí kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa kọjá. Bí gáàsì inú èédú bá ṣe pọ̀ tó ni ewu yìí ṣe máa ń pọ̀ tó.

Ẹ ṣiṣẹ́ gidi fún wákàtí kan, kí ẹ máa ti èédú etí wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ dá afẹ́fẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ohun tó yọ́ sísàlẹ̀ lè dì, kí ẹ fi ọ̀pá irin gbé ìdàrọ́ jáde. Ìdàrọ́ ni eérú tó yọ́ tó sì di bíi dígí: ó wúwo, ó sì ń dún bí irin bí a bá jù ú sílẹ̀. Ẹ má fi kóòkì pè é. Mo ti rí ẹni tó ń kó kóòkì dànù lójoojúmọ́ torí pé ó rò pé pàǹtírí ni, kóòkì tó sì jẹ́ ìdajì ohun tó rà.

Ìdàrọ́ tó kóra jọ yí ihò afẹ́fẹ́ ká, tó sì jáde ní odidi, kò ní dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó ń yọ́ bí oyin, tó ń ṣàn wọ inú ihò afẹ́fẹ́, tó sì ń lẹ̀ mọ́ irin, ló ń ba ọjọ́ jẹ́. Bí eérú bá pupa rẹ́súrẹ́sú, irin wà nínú èédú náà, òkúta tó ń dán bíi wúrà yẹn sì lè wà nídìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyókù jó tán, kí ẹ wọn eérú àti ìdàrọ́ pa pọ̀. Nínú kílò 5, bó bá jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 350, ìdá 7 nìyẹn. Bó bá ti kọjá 500, ẹ wá èédú mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ jó irin méjì pọ̀

Ẹni tí kò ní jó irin pọ̀ láéláé lè fo èyí. Fún àwọn yòókù, òun ni ìdájọ́ tó le jù, torí pé kò sí ohun tó ń tú àṣírí èédú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú irin rírọ̀ méjì tí ẹ mọ̀ dáadáa, irú èyí tí ẹ ti jó pọ̀ rí. Ẹ dúró títí èéfín á fi tán, tó jẹ́ pé kóòkì nìkan ló kù láàárín, kí ẹ sì yọ ìdàrọ́ kúrò. Kí kóòkì tó wà láàárín irin àti ihò afẹ́fẹ́ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ó kéré tán, kó lè jẹ afẹ́fẹ́ tán kó tó dé ara irin. Ẹ bu borax sí i, kí ẹ gbé e dé nǹkan bí 1,300°C, níbi tí ojú irin ti ń dà bí ohun tó rẹ nínú omi, tó sì ń sún mọ́ funfun. Ẹ lù ú ní wéréwéré.

Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ ọwọ́. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì gbà nínú èédú tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dá ara yín lẹ́bi bíi tèmi.

Ìgbésẹ̀ 9: Rírà púpọ̀ àti títọ́jú rẹ̀

Ẹ gbé èédú kúrò lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan bò ó. Iyanrìn tó bá wọ inú rẹ̀ á di ìdàrọ́. Anthracite lè pẹ́ fún ọdún láìyí padà, ṣùgbọ́n bituminous ń pàdánù agbára wíwú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ àti òjò bá ń bà á, ẹ má ra ju ohun tí ẹ lè lò láàárín ọdún kan lọ. Òkìtì ńlá tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tútù lè gbóná fúnra rẹ̀ títí tí yóò fi gbiná, pàápàá lignite àti àwọn tó sún mọ́ ọn, nítorí náà kó má wà nítòsí ògiri onígi.

Irú èédú yòówù kí ẹ yàn, gbogbo wọn ló ń yọ carbon monoxide, gáàsì tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, tó sì ń pani. Anthracite àti kóòkì ló ń tan èèyàn jẹ jù, torí pé a kò rí èéfín, a sì rò pé afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ilé ṣí sílẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nípa gáàsì yìí sára ògiri, bí orí bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ra èédú sára àpò, pẹ̀lú ìwọ̀n eérú tí ẹ rí àti bóyá irin gbà tàbí kò gbà. Nígbà tí ẹ bá tún padà sọ́dọ̀ olùtajà kan náà, tó sì búra pé èédú kan náà ni, ẹ mú agolo yín jáde. Ìpele tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ lè ti yí padà láàárín ìgbà méjèèjì, olùtajà pàápàá sì lè má mọ̀.